Ẹ̀gbẹ́ Ọwọ́ Ni Mo Wí

Ẹnu mi yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ mi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Mi ò bú ẹnikẹ́ni, mi ò ṣòfófó. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo sọ nínú ilé màlúù bàbá mi, mo sì sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wa láti ayé baba ńlá mi. Ọ̀rọ̀ méjì náà ló gba gègé lọ́wọ́ ọkùnrin tí mo fẹ́, òun ló sọ bàbá mi di olè lójú ọjà, òun náà ló sì gba oorun lójú èmi Rinske fún oṣù méjì gbáko.

Oṣù kẹta ọdún 1934 ni, nígbà tí àwọn màlúù ń bímọ lójoojúmọ́. Ọmọ ogún ọdún ni mí. Nílẹ̀ Friesland tiwa, ọmọ màlúù tí kò bá sí nínú ìwé ìran, ẹran lásán ni, kò ní bàbá, kò ní ìyá. Kó tó lè wọ ìwé ọ̀hún, ayàmàlúù gbọ́dọ̀ wá láti ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ìwé náà wá ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n ti tẹ àwòrán màlúù méjì òfìfo sórí bébà tó ń mú bọ̀, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ òsì, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó fi tàdáwà kun ibi tó bá dúdú lára ẹran náà, kó fi ibi tó funfun sílẹ̀. Kò sí màlúù méjì tí àmì ara wọn bára mu, nítorí náà bébà yẹn ni ẹ̀rí rẹ̀ títí tó fi máa kú.

Ayàmàlúù tó ń wá sọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀ ti darúgbó, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Àfi bí mo ṣe gbọ́ kẹ̀kẹ́ níta láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Mo yọjú. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ni mo rí, omi ń kán nímú rẹ̀, ó fi okùn so ìgò tàdáwà kékeré kan mọ́ bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni ayàmàlúù tuntun. Wigle lorúkọ mi."

"Ayàmàlúù ni yín? Pẹ̀lú omi tó wà lára yín yìí, mo rò pé ẹja ni yín ni."

Ó nu imú. "Ẹja tí kò tíì jẹun ni mí. Ọmọ màlúù ọ̀hún dà?"

Bàbá mi, Tjalling, ti lọ sọ́jà Sneek. Kó tó lọ, ó ti pàṣẹ. Oane, alágbàṣe wa tí etí rẹ̀ ti di, ni kó di ọmọ màlúù mú fún àlejò. Èmi, ilé ìdáná. Bàbá mi kì í fẹ́ kí ọmọbìnrin òun dá dúró pẹ̀lú ọkùnrin níbi tó ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí àìbalẹ̀ kan ti wọ̀ mí látìgbà tí mo ti rí imú tó ń kán yẹn. Mo tọ Oane lọ, mo ní kọfí wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ Àǹtí Baukje, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Oane tí kì í gbọ́ bí ilé bá ń wó, ó gbọ́ kọfí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Aaltje ni a sọ ọmọ màlúù náà, ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó ya ìpátá ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Bí Wigle bá ti sún mọ́ ọn pẹ̀lú bébà, yóò fò, yóò tàpá. Ó da tàdáwà sí i ní ṣòkòtò. Mo ki ìka bọ ẹnu ẹran náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún bí ọmú, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ sí igun tó ṣókùnkùn.

"Ẹ má wulẹ̀ sún mọ́ ọn mọ́," ni mo wí. "Á tún sá."

"Ibí ò ríran. Bí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ṣé ẹ lè pe àmì ara rẹ̀ fún mi?"

"Kí ni mo máa rí gbà?"

"Màá ya ẹ̀yin náà."

"Ṣé màlúù ni mí ni?"

"Ẹ ń tàpá jù ú lọ."

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. "Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́! Dúdú láti ọrùn dé èjìká. Lẹ́yìn náà funfun, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta. Nídìí, dúdú kan tó rí bíi bàtà onígi, ẹnu bàtà kọjú sí ìrù."

"Bàtà, ẹnu kọjú sí ìrù," ó ń tún un wí, ó ń yà á.

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún! Dúdú gbogbo ikùn, funfun kékeré kan bí ẹyin nítòsí egungun ìbàdí."

Ẹni tí kò bá dàgbà láàárín ẹran lè bi mí pé, kí ló dé tí o ò sọ òsì tàbí ọ̀tún? Òsì ta ni? Ti màlúù ni, àbí tèmi tí mo kọjú sí i? Nílé wa, a kì í fi ìyẹn da ara wa láàmú. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ni ibi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́, ìyókù ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún. Ọmọ ọdún mẹ́rin ilé wa mọ̀ ọ́n.

Òfin ọ́fíìsì ni pé ojú ni ayàmàlúù gbọ́dọ̀ fi yà á. Ojú Wigle ń wo nǹkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe Aaltje. Etí ló fi ya ẹran yẹn. Nígbà tó parí, ó di bébà náà sínú páálí, ó yọ ìwé kékeré kan jáde nínú àpò àyà rẹ̀, ó ní kí n má tíì yọ ìka mi lẹ́nu Aaltje. Ó sún mọ́ wa díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi ríran, gègé rẹ̀ ń sáré lórí ìwé náà, ó ń gbójú sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Rárá o. Tọ̀hún ni ti ọ́fíìsì. Tèmi nìyí."

Ó gun kẹ̀kẹ́, ó bá òjò lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìka tí itọ́ màlúù kún, mi ò mọ ohun tí mò ń wò.

Látọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kí màlúù wa máa bí ìbejì. Ìgbàkigbà tí ọmọ màlúù bá délẹ̀, ó ń bọ̀. Bàbá mi á dúró tì í bí ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ wa ò sì ní ju "ẹ ṣé, kọfí náà dùn" lọ. Ìgbà tí òtútù mú kí odò dì lópin ọdún náà ni a tó tún rí ara wa dáadáa. A so bàtà onírin mọ́ ẹsẹ̀, a jọ ń yọ̀ lọ lórí omi dídì láti abúlé wa dé ibi afárá. Ọjọ́ yẹn ni ó dẹ́kun "ẹ̀yin", ó bẹ̀rẹ̀ "ìwọ".

"Kí lo ń yà nínú ìwé kékeré yẹn gan-an, Wigle?"

"Màlúù."

"Ní gbogbo ìgbà?"

Ó rò ó díẹ̀. "Àgbò nígbà míì. Ẹlẹ́dẹ̀."

"Ayé mi! Mo ti wá ń bá ẹlẹ́dẹ̀ du ọkùnrin."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lórí yìnyín. Ṣùgbọ́n kò fi ìwé náà hàn mí. Mo délé, inú mi ò dùn. Ọkùnrin tó ń fi gègé sọ̀rọ̀, tó ń fi ẹnu dákẹ́, báwo lèèyàn ṣe máa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Bóyá ibi tí wọ́n ti ń fún un ní kọfí ló kàn ń lọ. Bóyá ọmọbìnrin kan wà ní oko kọ̀ọ̀kan tó ń ki ìka bọ màlúù lẹ́nu.

Àǹtí Baukje, tó tọ́ mi lẹ́yìn ikú ìyá mi, ni mo sọ ọ́ fún. Ó ń gé búrẹ́dì onísúgà, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Rinske, láti ilé rẹ̀ síbí, kìlómítà mélòó ni?"

"Ogún."

"Ó sì gun kẹ̀kẹ́ wá nínú yìnyín láìsí ọmọ màlúù kankan nílẹ̀ láti yà. Bóyá afẹ́fẹ́ ló wá gbà. Òmùgọ̀ ọmọ! Fi mí sílẹ̀, màá bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀."

Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kò ní dúró?

"Kí ló ní?" ni bàbá mi bi í.

"Ó ní iṣẹ́ ọwọ́, Tjalling."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo béèrè ohun tó ní, ẹ ń sọ ohun tó ń ṣe."

"Ó ti ya màlúù tó lé ní ẹgbẹ̀rún."

"Kó lọ fún wàrà wọn nígbà náà! Màlúù bébà! Ọmọ mi á máa bu tàdáwà sínú kọfí! Mo tiẹ̀ ti wádìí. Ẹṣin ni bàbá rẹ̀ fi ń fa ọkọ̀ ojú omi lẹ́bàá odò. Inú ìdílé wọn látìbẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ò jókòó sábẹ́ màlúù rí."

"Ìwọ náà, kí lo ní nígbà tí o wá fẹ́ ìyá Rinske? Ewúrẹ́ kan, ojú kan tún fọ́."

"Ó ń mú wàrà wá!"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń fà á fún ọdún kan àtààbọ̀. Àǹtí Baukje á lọ sọ́dọ̀ Wigle, á gbé ìdáhùn bọ̀; á bá bàbá mi jà, á gbé èébú lọ. Wigle ní òun á dúró. Èmi ni mi ò lè dúró. Mò ń rìn káàkiri ilé bí adìyẹ tó ń wá ibi tó máa yé ẹyin sí.

Aaltje ló bá wa yanjú rẹ̀, àbí kí n sọ pé òun ló bà á jẹ́. Nígbà tó fi máa pé ọdún méjì ààbọ̀, ó ti di arẹwà. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó lóyún àkọ́kọ́, awọ ara rẹ̀ ń dán. Bàbá mi pinnu láti mú un lọ síbi ìdíje màlúù ní Sneek lóṣù kẹsàn-án ọdún 1936. Ní alẹ́ tó ṣíwájú ọjọ́ náà, inú rẹ̀ dùn, ó gbé ọtí díẹ̀ mì, ó ní:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ o. Bí Aaltje bá gbapò kìíní, kí ọmọ ẹlẹ́ṣin yẹn wá jókòó nílé mi. Bébà tó yà ni màlúù mi máa mú wọlé ìdíje, kí bébà náà mú òun náà wọlé mi."

Mi ò sùn. Mo fọ ìrù Aaltje lẹ́ẹ̀mẹta.

Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn adájọ́ ń lọ láti ẹran dé ẹran, bébà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Aaltje. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Haitsma, ọ̀gá aṣàyẹ̀wò láti ọ́fíìsì, wo bébà, ó wo màlúù, ó tún wo bébà. Ó yí i ká, ó padà wá síwájú.

"Tjalling, màlúù ta nìyí?"

"Èwo ni màlúù ta? Tèmi ni. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i."

"Nínú ìwé, bàtà dúdú yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Ti ẹran yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Gbogbo rẹ̀ ló yí sódì. Màlúù tí wọ́n yà kọ́ nìyí."

Ẹnì kan láàárín èrò sọ ọ́ jáde, "Ó ti pààrọ̀ rẹ̀!" Ẹlòmíì sì rẹ́rìn-ín. Lójú bàbá mi tó jẹ́ pé láti ogójì ọdún ló ti ń mú màlúù wá síbẹ̀, ẹ̀rín yẹn ju ẹgba lọ. Ó tú okùn Aaltje, ó fà á gba àárín ìlú kọjá, ó fẹsẹ̀ rìn délé. Ẹnu ọ̀nà ló ti lanu.

"N kò gbọdọ̀ gbọ́ orúkọ ọmọ yẹn nínú ilé yìí mọ́."

Ìbínú ló kọ́kọ́ bá mi. Kì í ṣe sí bàbá mi, sí Wigle ni. Mo pè é fún un dáadáa! Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ni mo wí, bàtà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ títí dòní. Kí ló ń rò? Ó ya ẹgbẹ̀rún màlúù láìṣe àṣìṣe, ó wá ṣe é lórí tiwa nìkan? Àbí ọ̀rọ̀ mi ò já mọ́ nǹkan létí rẹ̀ ni?

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá tẹ̀ lé ìbínú. Ọ́fíìsì pe Wigle. "Àṣìṣe mi ni" nìkan ló ń sọ, kò sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé ó ń wá ọmọ Tjalling, nítorí náà wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ó ń bo bàbá ìyàwó rẹ̀ láṣìírí. Wọ́n gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sì kọ̀wé sí bàbá mi pé ọ̀gá Haitsma ń bọ̀ wá ṣe ìwádìí ìkẹyìn, pé bí kò bá sí àlàyé gidi, gbogbo màlúù oko wa pátá máa jáde nínú ìwé ìran.

Àǹtí Baukje lọ sọ́dọ̀ Wigle, ó padà dé pẹ̀lú ojú pípọ́n.

"Ó ní kí o má sọ nǹkan kan. Ó ní bí bàbá rẹ bá mọ̀ pé ìwọ lo wà níbẹ̀, inú ilé yìí ò ní gbà ọ́ mọ́."

"Ṣé ohun tó sọ nìyẹn?"

"Ohun tó sọ nìyẹn. Èmi wá bi ọ́, Rinske. Ta ló di ọmọ màlúù yẹn mú? Nítorí Oane mu ife kọfí mẹ́rin lọ́dọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo sì ń retí láti ọdún méjì pé o máa sọ fún mi."

Mo sunkún lé e láyà. Bí mo bá dákẹ́, bàbá mi ti di olè nìyẹn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti tú Wigle fó pé etí ló fi yàwòrán, mo sì ti tú ara mi náà fó. Mò ń jẹun, kò dùn. Mò ń fún wàrà, mò ń gbàgbé kòròbá sábẹ́ màlúù.

"Kò sẹ́ni tó lè bá ọ sọ ọ́," ni Àǹtí Baukje wí. "Èmi lè gbé iṣẹ́ lọ, mo lè gbé e bọ̀. Ẹnu tìrẹ ni èyí."

Ọjọ́ náà pé. Haitsma jókòó nílé ìdáná wa, Wigle dúró lẹ́bàá fèrèsé tòun ti fìlà lọ́wọ́, bàbá mi ò wò ó. Èmi ni mò ń bu kọfí. Haitsma ṣí ìwé rẹ̀.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo. Ta ló di ọmọ màlúù náà mú lọ́jọ́ tí wọ́n yà á?"

"Oane ni," ni bàbá mi dáhùn. "Èmi ni mo pàṣẹ bẹ́ẹ̀."

"Àbí, Oane?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn gan-an," ni Oane wí. Kọfí ló rò pé wọ́n ń béèrè.

Mo gbé ìkòkò kọfí kalẹ̀. "Oane kọ́. Èmi ni."

Wigle ní, "Rinske, má ṣe."

"Dákẹ́ níbẹ̀! Bàbá, èmi ni. Mo lé Oane lọ mu kọfí. Ẹran náà ò dúró, ibẹ̀ ṣókùnkùn, mo ń pe àmì rẹ̀, Wigle ń yà á lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni mo ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò ṣì í pè. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ni mo wí!"

"Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ náà ni mo sì kọ ọ́ sí," ni Wigle wí pẹ̀lẹ́.

Haitsma, ará ọ́fíìsì, ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kí ni ẹ ń pè ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́?"

Bàbá mi tí orí rẹ̀ ti gbóná bú u: "Ọ̀gá ìwé màlúù ni ẹ pe ara yín, ẹ ò mọ ẹ̀gbẹ́ ọwọ́! Ọmọdé mọ̀ ọ́n!"

"Ẹ wá fi hàn mí, ẹ̀yin méjèèjì, lẹ́ẹ̀kan náà."

Gbogbo wa rọ́ lọ sí ilé màlúù. Aaltje dúró sáàárín, ó ń jẹ koríko. Bàbá mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé àpótí ìfúnwàrà, ó lọ jókòó sí ọ̀tún rẹ̀, níbi tí gbogbo ìdílé wa ti ń jókòó fún wàrà láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Wigle náà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ sí òsì rẹ̀, ó di okùn ọrùn rẹ̀ mú, níbi tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń di ìjánu mú. Bàbá mi gbójú sókè kó máa yangàn, kò rí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dìde. Àwọn méjèèjì wo ara wọn kọjá lórí ẹ̀yìn màlúù.

"Kí lo ń wá lọ́hùn-ún?" ni bàbá mi wí.

"Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ni mo wà, sà."

"Ìwọ? Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́!"

Àǹtí Baukje ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Haitsma fi ìwé bo ẹnu. Èmi jókòó sórí koríko. Oṣù méjì! Oṣù méjì tí mo fi ń rò pé kò fetí sí mi, ó fetí sí mi bí ẹni ń gbọ́ ìwàásù.

Ṣùgbọ́n Haitsma gbọn orí. "Ó yé mi bó ṣe lè ṣẹlẹ̀. Kò tíì jẹ́ ẹ̀rí pé ẹran yìí ni ẹran ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni gbogbo ohun tí ẹ sọ."

"Ẹ̀rí ń bẹ," ni Àǹtí Baukje wí. Ó ti rí ìwé kékeré yẹn nígbà tó ń gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ Wigle. Ó yíjú sí i. "Yọ ọ́ jáde, àbí kí n yọ ọ́?"

Ojú Wigle pọ́n títí dé etí. Kò mira, ni Àǹtí mi bá ki ọwọ́ bọ àpò àyà rẹ̀ bí ẹni ń kó ẹyin adìyẹ, ó fa ìwé kékeré náà yọ, ó ṣí i sí ojú ewé àkọ́kọ́. Aaltje nìyẹn, ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, nínú tàdáwà, ojú ló fi yà á lọ́tẹ̀ yìí. Bàtà onígi wà ní ọ̀tún rẹ̀, ẹnu bàtà kọjú sí ìrù. Déètì wà lábẹ́ rẹ̀. Haitsma gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù, ó ń fi ìka tọ́ àmì kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó yẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò mú èyí wá sí ọ́fíìsì?" ni ó bi Wigle.

Wigle gbójú sí mi. Bàbá mi ti gba ìwé náà. Ó ń wò ó, ó ń fà á mọ́ ojú, ó ń gbé e jìnnà.

"Oane ni mo ní kó dì í mú," ni ó wí. "Apárí ni Oane tí mo mọ̀."

Nítorí èmi ni mo wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìka mi lẹ́nu ẹran, irun mi já bọ́ sójú, mò ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń yà mí. Bàbá mi ṣí ewé kejì. Àgbò ni, bàtà mi sì wà lẹ́bàá rẹ̀. Ó ṣí ẹ̀kẹta. Màlúù mẹ́rin, èmi ni mo gbé kòròbá lẹ́yìn wọn. Ẹlẹ́dẹ̀ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ. Ìwé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kò sí ẹran tó dá wà nínú rẹ̀.

Bàbá mi padà sí ewé àkọ́kọ́. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Rinske, ṣé báyìí lo ṣe máa ń rí?"

"Nígbà tí ẹ ò bá sí nílé, Bàbá."

Ó pa ìwé náà dé, ó gbá a mọ́ àyà, kò dá a padà fún ẹnì kankan. Haitsma sọ ìdájọ́ rẹ̀. Ó ní Aaltje máa wà nínú ìwé ìran, gbogbo oko wa náà, òun fúnra òun á sì kọ lẹ́tà tí wọ́n máa kà sétí gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín ní Sneek. Ó ní ti Wigle lọ́tọ̀. Òfin ní kó lo ojú, etí ló lò. Fún ọdún kan, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bébà wọn.

"Ọdún kan!" ni mo kígbe. "Kí ló máa jẹ?"

Bàbá mi gbé àpótí ìfúnwàrà, ó nawọ́ rẹ̀ sí Wigle kọjá lórí ẹ̀yìn Aaltje.

"Màlúù mẹ́tàlélógún ló wà níbí, kò sí màlúù bébà kankan nínú wọn," ni ó wí. "Ọkùnrin tó bá máa fẹ́ ọmọ mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹ̀gbẹ́ ọwọ́. Ó ya, wá síbí."

Wigle gba àpótí, ó yí gba iwájú màlúù bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa.

Oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e ni a ṣègbéyàwó. Nígbà tí a dé iwájú akọ̀wé ìlú, a ò mọ ibi tí kálukú máa dúró sí. Bàbá mi ló pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ìyàwó, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́!" Èmi lọ sápá kan, Wigle tì mí sápá kejì, a forí gbá ara wa níwájú gbogbo èèyàn, ìbòrí mi sì ṣubú.

Ogójì ọdún ó lé mẹ́ta la fi jọ gbé. Ní gbogbo ọdún náà, a ò fìgbà kan fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì wa. Ó ní òun ni, mo ní èmi ni. Ó ti lọ báyìí. Àwọn ọmọ ní kí n sún sáàárín, pé bẹ́ẹ̀dì fẹ̀ fún mi nìkan. Mo sọ fún wọn pé mi ò lè sún. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ni Wigle ń sùn. Mo ti gbà fún un.